Ẹ Fi Owó Yín Sínú Púpurú Mi

Mo ń fi àsìkò yìí kéde fún gbogbo ọmọ Ìkálẹ̀, nílé, lóko àti lẹ́yìn odi, pé n óò dá ilé iṣẹ́ ìdókòwò kan sílẹ̀ ní Òkìtìpupa. Ará Ìkọ̀yà ẹ gbọ́, ará Igbótako ẹ gbọ́, ará Ìlútitun, Òde-Ìrèlè àti Òde-Ayé, kí ẹnikẹ́ni má bọ́ síta lọ́la kó ní wọn kò sọ fún òun. Owó tí ẹ bá kó wá lónìí yóò di ìlọ́po méjì lẹ́yìn ọgbọ̀n ọjọ́. Púpurú, oúnjẹ ẹ̀gẹ́ wa, la ó máa fi owó náà ṣe.

Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín. Àwọn tó ka ìwé jù mí lọ ló kó owó fún CBEX, nítorí wọ́n gbọ́ pé ẹ̀rọ AI kan wà tó ń bá wọn ra owó orí íntánẹ́ẹ̀tì, tó sì ń tà á, tọ̀sán-tòru, láìsùn, láìgba owó oṣù. Kò sẹ́ni tó fojú kan ẹ̀rọ náà rí. Kò sẹ́ni tó mọ ìlú tí wọ́n gbé e kalẹ̀ sí. Púpurú ńkọ́? Ẹ ti fọwọ́ bà á, ẹ ti gbóòórùn èéfín ara rẹ̀, ẹ ti fi ọbẹ̀ ẹja gbé e mì. Tí a bá ní ká wo ẹ̀rí, tèmi dúró dáadáa ju tiwọn lọ.

Orúkọ ni mo ṣì ń wá. Ohun tí mo mọ̀ ni pé kò gbọdọ̀ jẹ́ orúkọ tí ìyá ẹni lè gbọ́ kó yé e. Lẹ́tà Gẹ̀ẹ́sì mẹ́ta tàbí mẹ́rin ló yẹ ẹ́. MMM lo mẹ́ta, ẹ sì rí ibi tó bá a dé. CBEX lo mẹ́rin, ó fara jọ orúkọ ilé ìṣòwò gidi kan ní Beijing, tí kò mọ ohunkóhun nípa CBEX ti Ìbàdàn. Bí mo bá pè é ní Ilé Púpurú, wọ́n á bèèrè iye tí púpurú jẹ́ lọ́jà. Bí mo bá fi lẹ́tà mẹ́rin pè é, ibi tí wọn yóò ti sanwó ni wọ́n á bèèrè.

Ẹ̀gbọ́n wa nínú iṣẹ́ yìí ni olóògbé Sergei Mavrodi, ọmọ Rọ́ṣíà. MMM tirẹ̀ kọ́kọ́ dojú dé ní Moscow ní 1994. Nígbà tí ojú ọjọ́ ṣú, kò sá lọ sóko. Ó díje dupò aṣòfin, ó wọlé, ó sì di ẹni tí ọlọ́pàá kò lè ṣàdédé fọwọ́ kàn mọ́. Ta ló wá sọ pé Rọ́ṣíà jìnnà sí Nàìjíríà? Ní ìparí 2015, òwò náà wọ ilẹ̀ wa: ìdá ọgbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún lóṣù kan ṣoṣo. Ní ọjọ́ 13 oṣù Kejìlá 2016, tí Kérésìmesì ku ọjọ́ méjìlá, wọ́n fún àpò lọ́rùn pa. Wọ́n ní oṣù kan péré ni, kí ara lè balẹ̀. Àjọ NDIC, tó ń dáàbò bo owó inú báńkì, sọ pé mílíọ̀nù mẹ́ta ọmọ Nàìjíríà pàdánù bílíọ̀nù 18 náírà. Ìrẹsì Kérésìmesì ọdún yẹn, ẹ̀yin lẹ mọ ohun tí ẹ fi jẹ ẹ́.

Ìdá ọgbọ̀n! Ahun ni Mavrodi. Ìdá ọgọ́rùn-ún ni CBEX ṣèlérí ní tirẹ̀, òun ni mo sì fẹ́ fi ṣe àwòkọ́ṣe. Nígbà tó fi máa di oṣù Kẹrin 2025, owó wà lójú fóònù, èèyàn ń rí i, kò ṣeé fà yọ. Ibi tí mo ti kan sáárá sí wọn nìyí: wọ́n ní kí àwọn tí owó wọn há sínú rẹ̀ san ọgọ́rùn-ún dọ́là sí i, kí ẹni tí tirẹ̀ bá ju ẹgbẹ̀rún dọ́là lọ san igba, kí àwọn lè fi mọ̀ pé èèyàn gidi ni wọ́n. Olè jà ọ́ tán, ó tún ń gbowó lọ́wọ́ rẹ kó lè mọ̀ bóyá ìwọ gan-an lòun jà. Àwọn kan sì ń wá owó náà kiri.

Ti ìwé ẹ̀rí kò tilẹ̀ le. Ilé iṣẹ́ kan tó ń gbé iṣẹ́ wọn kiri níbí ní orúkọ lọ́dọ̀ CAC, àjọ tó ń forúkọ ilé iṣẹ́ sílẹ̀, ó tún gba ìwé lọ́wọ́ ẹ̀ka EFCC tó ń gbógun ti fífọ owó ẹ̀gbin mọ́. EFCC ṣàlàyé lẹ́yìn náà pé iṣẹ́ gbígbani nímọ̀ràn ni wọ́n fi gba ìwé, kì í ṣe ti ìdókòwò. Àjọ SEC, tó ń mójú tó ọjà ìdókòwò, ní àwọn kò forúkọ wọn sílẹ̀ rárá. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ló ń ka ìwé tí wọ́n bá ti fi férémù gbé kọ́ ògiri? Òǹtẹ̀ la máa ń wò. Nítorí náà, ìwé ìbatisí mi àti ìwé WAEC mi ni n óò gbé kọ́ ọ́fíìsì tèmi. Méjèèjì ní òǹtẹ̀.

Mo gbé ọ̀rọ̀ náà lọ bá ìyá kan tó ti ń ṣe púpurú kí wọ́n tó bí mi. Mo rò pé èrè ni yóò kọ́kọ́ bèèrè.

“O káre, ọmọ mi. Ta ló máa bá ọ rẹ ẹ̀gẹ́ náà?”

“Ẹ̀gẹ́ wo, Màmá?”

“Ẹ̀gẹ́ tó máa di púpurú. A ó bó o, a ó rẹ ẹ́ sómi fún ọjọ́ mẹ́rin, márùn-ún, tí yóò fi rọ̀. A ó yọ okùn inú rẹ̀, a ó dì í sápò, a ó gbé òkúta lé e kí omi rẹ̀ lè ro dànù. Ìgbà yẹn la ó tó mọ ọ́n róbótó, a ó tò ó sórí àjà, a ó máa koná sí i lábẹ́. Ojú mi tí o rí tó pọ́n yìí, èéfín ló ṣe é. Tó bá gbẹ tán, a ó ha dúdú ara rẹ̀ kúrò, a ó gún un, a ó sẹ́ ẹ. Kí ẹ̀gẹ́ gan-an sì tó wú nílẹ̀, ọdún kan ti fẹ́rẹ̀ẹ́ yípo. Níbo ni ọgbọ̀n ọjọ́ rẹ wà nínú gbogbo èyí?”

“Màmá, ẹ ò tíì gbọ́ nípa AI.”

Ó wò mí títí. “Ṣé ó ní ojú tí èéfín máa wọ̀?”

Mo ti yọ orúkọ màmá yìí kúrò lára àwọn tí n óò pè síbi ìfilọ́lẹ̀. Irú wọn kì í jẹ́ kí òwò gbérí. Gbogbo ọgbọ́n iṣẹ́ wa dúró lórí pé kí ẹnikẹ́ni má bèèrè ẹni tó máa rẹ ẹ̀gẹ́. Owó ẹni tó dé lọ́jọ́ Ajé la fi ń san èrè ẹni tó dé lọ́jọ́ Àìkú, ẹni tó bá dé lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun ni yóò san ti ọjọ́ Ajé. Ẹ̀gẹ́ kankan kò sí nínú omi, ewé rẹ̀ pàápàá kò sí.

Àwọn tí mo ń wá lójú méjèèjì ni àwọn tó ń dá àjọ. Ẹ wo ìyà tí alájọ ti fi ń jẹ wá láti ayé baba wa: o dá ẹgbẹ̀rún kan lójoojúmọ́, oṣù parí, ó yọ ti ọjọ́ kan fún ara rẹ̀, ó kó ìyókù lé ọ lọ́wọ́. Owó rẹ kò bímọ, ó tún dín. Alájọ yẹn á máa gun ọ̀kadà kiri nínú òjò, á máa fi báírò sàmì sí káàdì, ó mọ ṣọ́ọ̀bù rẹ, ìwọ náà mọ ilé ìyá rẹ̀. Kí lẹ fẹ́ fi irú ojúlùmọ̀ bẹ́ẹ̀ ṣe? Èmi kò ní mọ ilé yín, ẹ̀yin náà kò ní mọ tèmi. Orí Telegram la ó ti máa ríra. Ọjọ́ tí ẹ bá rí i pé ẹ kò lè kọ ọ̀rọ̀ síbẹ̀ mọ́, kí ẹ mọ̀ pé ìlọsíwájú ti dé.

Ẹnìkan lè ní, ṣé ó wá bójú mu kí èèyàn máa gba owó ọjà tí kò tà? Ẹ̀yin ará Gúúsù Oǹdó lẹ fẹ́ bi mí ní irú ìbéèrè yìí? Ẹ̀yin tí ẹ fi ọ̀pọ̀ ọdún wà nínú òkùnkùn, ní Òkìtìpupa, Ìrèlè, Ìlàjẹ àti Ẹsẹ̀-Odò, nígbà tí ilé iṣẹ́ amúnáwá Ọmọ́tọ́ṣọ̀ọ́ jókòó sínú ìjọba ìbílẹ̀ Òkìtìpupa yìí kan náà? Mẹ́gáwáàtì 335 ni ìpele kìíní rẹ̀ nìkan, láti 2007. Iná ń gba orí wa kọjá, ó ń lọ kí àwọn ẹlòmíràn. Àwọn ẹyẹ tó ń bà lórí wáyà nìkan ló jẹ àǹfààní rẹ̀.

Lọ́wọ́ àwọn ọ̀gá ni mo ti kọ́ṣẹ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2024, NERC, àjọ tó ń ṣàkóso iná mànàmáná, sọ pé ilé iṣẹ́ apín-iná mọ́kànlá ti gba owó kọjá ààlà lọ́wọ́ àwọn oníbàárà tí kò ní mítà, láàárín oṣù Kínní sí oṣù Kẹsàn-án 2023. Wọ́n bu owó ìtanràn bílíọ̀nù 10.5 náírà lé wọn. Kí àánú wọn má tíì ṣe yín: ìdá kan nínú mẹ́wàá ohun tí wọ́n gbà láìtọ́ ni. Ìdámẹ́wàá! Ní ṣọ́ọ̀ṣì tiwa, ẹni tó bá ń san ìdámẹ́wàá déédéé, iwájú la ti ń fún un ní ìjókòó. NERC tún pàṣẹ pé kí wọ́n san gbèsè tí wọ́n jẹ àwọn oníbàárà nípa kíkọ owó náà sórúkọ wọn gẹ́gẹ́ bí owó iná. Ìyẹn ni pé iná tí kò dé ọ̀dọ̀ rẹ lánàá, iná tí kò ní dé lọ́la ni wọn yóò fi san án.

Àwọn tó ń sọ pé púpurú kéré jù fún òwò ńlá, kí wọ́n lọ bèèrè Emmanuel Nwude. Láàárín 1995 sí 1998, ọkùnrin yìí pe ara rẹ̀ ní gómìnà báńkì àpapọ̀ ilẹ̀ wa, ó sì ta pápákọ̀ òfurufú Àbújá kan fún ọ̀gá báńkì ní Brazil. Mílíọ̀nù 242 dọ́là. Kò sí pápákọ̀ níbẹ̀, kò sí búlọ́ọ̀kù kan. Ẹni tó rà á kì í ṣe ará oko, ọ̀mọ̀wé ni, ó ní lọ́yà, ó ní akọ̀wé. Ó kàn gbàgbé láti bèèrè ẹni tó máa rẹ ẹ̀gẹ́.

Lọ́yà tèmi ní kí n má gbàgbé òfin. Ní oṣù Kẹta 2025, Ààrẹ Tinubu buwọ́ lu òfin tuntun: ẹni tó bá dá irú òwò yìí sílẹ̀, mílíọ̀nù 20 náírà tàbí ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́wàá, tàbí kó gbé méjèèjì. Ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ ni CBEX dojú dé, àfi bí ẹni pé wọ́n ń dúró kí òfin jáde kí wọ́n lè mọ iye tí wọn yóò yà sọ́tọ̀. Mo ti fi mílíọ̀nù 20 náà sínú ìnáwó oṣù kìíní. Abẹ́ owó dísù ni mo kọ ọ́ sí.

Ẹ̀wọ̀n pàápàá, ó ní ti àgbà, ó ní ti ọmọdé. Ní 2010, ilé ẹjọ́ ju Cecilia Ibru, ọ̀gá àgbà Oceanic Bank tẹ́lẹ̀, sẹ́wọ̀n oṣù mẹ́fà, wọ́n sì gba dúkìá tó tó bílíọ̀nù 191 náírà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọmọkùnrin tó bá jí adìẹ méjì lọ́jà Òkìtìpupa, tó bá rí oṣù mẹ́fà gbà, kó lọ ṣe ìdúpẹ́. Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ níbẹ̀ ni pé kí n má jí adìẹ.

Ẹ̀yin ọmọ yunifásítì OAUSTECH tí owó ilé-ìwé wà lọ́wọ́ yín, ẹ má tíì san án. Ẹni tó bá mú èèyàn mẹ́wàá wá yóò di olùdarí, a ó fún un ní fíìlà, a ó ya fọ́tò rẹ̀. Ìmọ̀ràn mi ni pé kó bẹ̀rẹ̀ láti ilé: ẹ̀gbọ́n rẹ̀, àbúrò ìyá rẹ̀, ìyá ìjọ, ọ̀gá tó kọ́ ọ ní télọ̀. Àlejò máa ń bèèrè ìbéèrè. Ará ilé ẹni kì í fẹ́ dójú tini, nítorí náà wọ́n á mú owó wá kí wọ́n tó rò ó. Tí nǹkan bá wá dàrú, olùdarí mi ni yóò lọ bá wọn jókòó níbi ìkómọ, tí yóò bu ìrẹsì fún wọn, tí kò ní lè gbójú sókè wò wọ́n. Èmi kò ní sí níbẹ̀. N kì í jẹ ìrẹsì òde.

Ó ku ọ̀rọ̀ ọ́fíìsì. Ní Ìbàdàn, nígbà tí CBEX dojú dé, àwọn èèyàn ya wọ ọ́fíìsì wọn ní Òkè-Àdó, wọ́n sì ń kó ohun tí ọwọ́ wọn bá tó: àga, tábìlì, ẹ̀rọ amúlétutù. Mo wo fídíò yẹn dáadáa. Ohun tó dùn mí ni àìlétò. Ẹni tó fi ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rùn-ún sílẹ̀ lè gbé ẹ̀rọ amúlétutù lọ, kí ẹni tí owó tirẹ̀ wọ mílíọ̀nù wá bá wáyà lásán nílẹ̀. Irú ìrẹ́jẹ bẹ́ẹ̀ kò ní ṣẹlẹ̀ ní ilẹ̀ Ìkálẹ̀. Mo ti ra ogójì àga oníke, mo fi ọ̀dà kọ nọ́ńbà sẹ́yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan. Fáànù méjì wà fún àwọn tó bá mú ju mílíọ̀nù kan wá. Iná kò sí, ṣùgbọ́n fáànù ni. Bí ẹ bá ti sanwó, nọ́ńbà àga yín yóò wà lórí rìsíìtì. Ojú ọ̀nà Ìkọ̀yà ni ọ́fíìsì wà, ẹ tètè máa bọ̀, àwọn àga tó sún mọ́ ẹnu ọ̀nà ti ń tán.