Ẹ Pè É ní Dáírẹ́kítọ̀

Orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́ wà nínú rẹ́jísítà, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fi pè é á pè é títí. Dáírẹ́kítọ̀ ni. Ọdún kejì ló wà ní ẹ̀ka tí wọ́n ti ń kọ́ iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n, rédíò àti fíìmù. Kò tíì darí ẹnikẹ́ni ju ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń yà á ní fọ́tò lọ: "Sún sẹ́yìn. Bẹ́ẹ̀ yẹn. Má jẹ́ kí láíbìrì yẹn hàn lẹ́yìn mi."

Hẹ́dífóònù ńlá wà lọ́rùn rẹ̀ tọ̀sán-tòru, wáyà rẹ̀ kò sì so mọ́ nǹkan kan. Lórí Instagram, ó ń ṣe fíìmù, ó ń fi ohùn polówó ọjà, ó sì tún jẹ́ ọ̀gá àgbà ilé iṣẹ́ kan. Yàrá họ́sítẹ̀ẹ̀lì tí àwọn mẹ́fà ń sùn ni ilé iṣẹ́ náà.

Ohùn rẹ̀ wá ni ìran àpéwò. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni, ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ti tan máíkì báyìí, imú rẹ̀ á ti dé Atlanta kí ẹnu tó ṣí. Ìyá rẹ̀ pè é lórí fóònù lọ́jọ́ kan tó ń gba ohùn sílẹ̀, ó sì gbàgbé, ó fi ohùn ọ̀hún dá a lóhùn. Ìyá ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má bínú, ọmọ mi ni mò ń wá." Bàbá ní tirẹ̀ kì í pàdánù ìròyìn NTA aago mẹ́sàn-án alẹ́ láti ọdún tí ọmọ ti wọlé, kó má baà jẹ́ pé ọjọ́ tí wọ́n máa gbé e jáde gan-an lòun máa sùn lọ.

Mi ò ní di gbogbo ẹ̀bi rù ú. Ní 2019, NUC, àjọ tó ń bójú tó àwọn yunifásítì, kéde pé ẹ̀kọ́ Mass Communication yóò di ẹ̀ka méje. Ó dáa. Nílé ẹ̀kọ́ tirẹ̀, orúkọ ló di púpọ̀, kámẹ́rà ò kúrò ní ẹyọ kan. Inú kọ́bọ́ọ̀dù ló ń gbé, kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ ọ̀gá tẹkinọ́lọ́jíìsì, ọ̀gá sì ti lọ síbi òkú àna rẹ̀. Ọjọ́ tó bá jáde, ọgọ́ta akẹ́kọ̀ọ́ á yí i ká bí ẹni tó ń wo mọ́tò tó dànù. Dáírẹ́kítọ̀ kì í bá wọn du kámẹ́rà. Ibi tí wọ́n á ti yà á pẹ̀lú kámẹ́rà ló ń dù.

Tí olùkọ́ bá ń sọ ti ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n WNTV, tí ìjọba Awólọ́wọ̀ dá sílẹ̀ n'Ìbàdàn ní 1959, oorun ló máa ń kùn ún. Ẹ dárúkọ Túndé Kèlání, tó ti ń gbé kámẹ́rà ní WNTV kó tó lọ kọ́ iṣẹ́ fíìmù ní London, á ní bàbá náà gbìyànjú o, àwọ̀ fíìmù rẹ̀, Ṣaworoidẹ, nìkan ni kò tẹ́ òun lọ́rùn. Rédíò ni kò tilẹ̀ fẹ́ gbọ́ rárá. Bíi ti Èkó, Ìbàdàn àti Ifẹ̀, ọgbà tirẹ̀ náà ní rédíò, wọ́n sì ń wá ẹni tó lè jí láàárọ̀ kùtù, kó túmọ̀ ìròyìn sí Yorùbá, kó kà á láìkọsẹ̀, kí ìṣẹ́jú márùn-ún má lé, kó má dín. Ó wò ó pé wọn kì í rí ojú èèyàn lórí rédíò.

Iṣẹ́ àṣekágbá dé. Fíìmù lórí àwọn ahunṣọ Ìsẹ́yìn ló ní òun máa ṣe. Ó háyà dúróònù, ó háyà iná, ó tẹ orúkọ ara rẹ̀ sẹ́yìn fáànẹ́ẹ̀lì fún gbogbo òṣìṣẹ́. Máíkì tí wọ́n ń há mọ́ ọrùn aṣọ ni wọn ò rántí mú. Ahunṣọ àgbà kan jókòó tì í, ó ń sọ bí sányán ṣe yàtọ̀ sí àlàárì, àti bí òwú sányán ayé àtijọ́ ṣe ń ti ara kòkòrò wá. Àárín ọ̀rọ̀ ló dúró: "Ọmọ mi, ṣé ẹ̀rọ yẹn ń gbọ́ mi báyìí?"

"Ẹ fọkàn balẹ̀, bàbá. Inú ẹ́dítìn la ti máa tún un ṣe."

Jẹnẹrétọ̀ ilé kejì ni ẹ̀rọ ń gbọ́. Kò sì sí ẹ́dítìn tó lè yọ ohùn àgbàlagbà kúrò lábẹ́ jẹnẹrétọ̀. Fíìmù oníṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún náà jáde, Dáírẹ́kítọ̀ fi mẹ́fà níbẹ̀ rìn gbẹ̀dẹ̀gbẹ̀dẹ̀ láàárín òwú títa, dúróònù ń yí i po. Orúkọ rẹ̀ jáde lẹ́ẹ̀mẹ́rin. Ti bàbá ahunṣọ, wọ́n ṣì í kọ. Olùkọ́ bi í pé ohùn bàbá ńkọ́? Ó ní ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn gan-an ni iṣẹ́ ọnà. Wọ́n fún un ní B. (Olùkọ́ fẹ́ràn dúróònù.)

Nígbà tó di agùnbánirọ̀, ilé iṣẹ́ rédíò kan ní ìpínlẹ̀ Òǹdó ni wọ́n gbé e lọ. Wọ́n fún un ní ìròyìn ojú ewé kan pé kó túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá. Wọ́n ka ohun tó kọ, wọ́n wo ara wọn lójú, wọ́n gba bírò lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n sì gbé kẹ́ẹ̀gì fún un kó máa lọ ra dísù. Ẹ yẹ ojú ewé rẹ̀ lórí LinkedIn wò: òun ló ń bójú tó ìpèsè agbára fún ìgbóhùnsáfẹ́fẹ́ gbogbo ìpínlẹ̀ náà. Wọ́n ṣì ń kí i kú oríire.