Ẹ̀yin Olówó Òpó, Mo Kí Yín o

Sí ẹ̀yin ọ̀gá wa ní Arqiva, Crawley Court, lẹ́bàá Winchester,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ kú ìdúró, ẹ kú atẹ́gùn, ẹ kú òkè gíga. Yorùbá ni mí, kò sí ohun tí a kì í kí ènìyàn fún, àmọ́ ó ṣeé ṣe kó jẹ́ èmi ni ẹni àkọ́kọ́ tí yóò kí yín nítorí òpó irin.

Gbogbo wa ní Peckham, ní Lọ́ńdọ̀nù, la mọ òpó tẹlifíṣọ̀n Crystal Palace: mítà 219, ó dúró lórí òkè, ó ń wò wá tọ̀sán-tòru. Ẹ wá bi àwọn aládùúgbò mi pé ta ló ni ín. Ẹnìkan á ní BBC ni. Òmíràn á ní ìjọba ni. Màmá kan tó ń ta iṣu ní Rye Lane tilẹ̀ ti búra pé ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣọ́ ẹni tí kò san owó láísẹ́ǹsì tẹlifíṣọ̀n. Kò sẹ́ni tó dárúkọ ẹ̀yin Arqiva tẹ́ ẹ ni ín.

Mi ò lè dá wọn lẹ́bi. Orúkọ wo gan-an ni kí wọ́n mú? Ìdílé méjì lẹ ti wá. Ìdílé kìíní ni àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ IBA, tí wọ́n ń gbé ITV kiri fún ìjọba. Nígbà tí ìjọba tà wọ́n ní nǹkan bí 1991, wọ́n di National Transcommunications, tí wọ́n gé kúrú sí NTL. Ìdílé kejì ni ti BBC. Wọ́n tà á ní 1997, ó di Castle Transmission, ó di Crown Castle. Ní 2004 àwọn tó ń gbé iná mànàmáná káàkiri ìlú rà á, ó di National Grid Wireless. Ní 2005, lábẹ́ Macquarie, àwọn olówó Ọsirélíà, ìdílé kìíní gba orúkọ Arqiva, nígbà tó sì di 2007 ó ra ìdílé kejì mọ́ ara. Àwọn tó ń ṣọ́ ọjà yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n fi àdéhùn dè yín, wọ́n ní kẹ́ ẹ máa lọ. Ẹ̀yin ọ̀gá, ọmọ tí wọ́n bá sọ lórúkọ tó báyìí nílẹ̀ wa, àbíkú ni. Ó ku Málọmọ́ tí ẹ ò tíì jẹ́.

Láti ìgbà náà, ọ̀dọ̀ ẹ̀yin nìkan ni ìkànnì ń gbà kó tó dé áńténà orí òrùlé wa. BBC á ka ìròyìn, ITV á ṣeré, ẹ̀yin á gbé e gòkè, ẹ ò ní sọ gbólóhùn kan. Nílé, ní Ìbàdàn, ilé iṣẹ́ rédíò kọ̀ọ̀kan ló ń gbé òpó tirẹ̀ nàró, tó sì ń ra dísù sí jẹnẹrétọ̀ ara rẹ̀. Bí rédíò bá dákẹ́ láàárín ìròyìn, olùgbọ́ ti mọ ẹni tí òun máa bú. Níhìn-ín, bí àwòrán bá dàrú, BBC tí kò mọwọ́mẹsẹ̀ la máa ń bú. Ẹ wá rí i pé ìgbádùn tiyín pọ̀!

Àyàfi ìgbà tí òpó bá ṣubú, tàbí tó jóná. Bàbá ńlá yín rí èyí ní Emley Moor, ní West Yorkshire, ní March 19, 1969. Ọ̀pá irin tó ga ní mítà 385 ni wọ́n gbé síbẹ̀. Yìnyín dì mọ́ ọn, ó dì mọ́ àwọn wáyà tó fà á dúró, atẹ́gùn wá ń mì í. Ní bí agogo márùn-ún ìrọ̀lẹ́, gbogbo rẹ̀ wó lulẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn wáyà náà já bọ́ lu òrùlé ilé ìjọsìn kan lábúlé, ó là á. Ọpẹ́ ni pé kò sẹ́ni tó fara pa. Wọ́n kọ́gbọ́n, wọ́n fi kọnkéré kọ́ òmíràn, ó parí ní 1971, ó ga ní mítà 330, ó ṣì dúró títí dòní.

Ẹ̀yin náà rí tiyín. Ní August 10, 2021, iná jó òpó Bilsdale ní North Yorkshire, ọ̀pá tó ga ní mítà 314. Tẹlifíṣọ̀n ṣókùnkùn ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilé láti Middlesbrough lọ. Ẹ wó èyí tó jóná, ẹ gbé ọ̀pá mítà 80 kan síbẹ̀ fúngbà díẹ̀, ó di 2023 kí òpó tuntun tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Lásìkò yẹn, ojú pọ́n, àwọn tí kò gbọ́ orúkọ yín rí mọ̀ ọ́n kọ sílẹ̀ láìṣi lẹ́tà kankan.

Ohun tó ń dùn mí ni pé ti ìbànújẹ́ nìkan ni orúkọ yín ń bá jáde. Ẹ wo TDF, ẹgbẹ́ yín ní Faransé. Ní March 2022, hẹlikọ́pítà gbé áńténà rédíò díjítà kan lọ sórí Eiffel, òpó náà sì kúrò ní mítà 324, ó di 330. Ìwé ìròyìn káyé gbé e, arìnrìn-àjò ń sanwó gùn ún. Mítà 330! Ohun tí Emley Moor ti ga tó láti 1971! Ta ló ti lọ ya fọ́tò ìgbéyàwó níbẹ̀ rí?

Ẹ sì tètè máa sọ̀rọ̀, torí àwọn kan ti ń wo òpó yín bí ohun àtijọ́. Nọ́wè pa FM àwọn ilé iṣẹ́ rédíò ńlá rẹ̀ ní 2017. Switzerland pa tẹlifíṣọ̀n orí áńténà ní June 2019, nítorí pé ìwọ̀nba ènìyàn ló ń lò ó mọ́. Ìjọba tiwa níhìn-ín ṣèlérí pé tẹlifíṣọ̀n orí áńténà á wà di 2034, lẹ́yìn náà, íntánẹ́ẹ̀tì ni gbogbo ẹnu ń pè. Èmi ò sí lẹ́yìn wọn. Ẹnìkan ló ń wò ni o, mílíọ̀nù kan ni o, iná kan náà ni òpó ń jẹ. Kì í béèrè password, kì í jẹ dátà, kò sì mọ ohun tí mo wò lálẹ́ àná. Màmá oníṣu wa kò ní wáìfáì. Ẹ sọ èyí sókè fún ayé gbọ́, kí ẹ sì lẹ orúkọ yín mọ́ ẹsẹ̀ òpó Crystal Palace, lẹ́tà gàdàgbà.

Ohun kan ló ń bà mí lẹ́rù: bóyá orúkọ náà á pẹ́. Títí di 2022, àwọn tó ń tọ́jú owó ìfẹ̀yìntì ará Kánádà ló ni ìdá 48 nínú ọgọ́rùn-ún yín, wọ́n sì ti tà á. Bí ẹni tó kàn bá tún fẹ́ sọ yín lórúkọ, ẹ má ṣe é ní ìkọ̀kọ̀ mọ́. Ẹ ránṣẹ́ pè wá. Oyin, iyọ̀, ataare, orógbó: gbogbo rẹ̀ ló wà ní Rye Lane, a ó sì bá yín ná an dáadáa.

Èmi ni tiyín,
Òǹwòran kan ní Peckham