Ọ̀tá Tí Àwọn Ará Japan Kò Fi Sínú Géèmù

Bí àgbàlagbà kan ní Kétu bá tún gbé Final Fantasy VII kalẹ̀ lónìí, kò ní pẹ́ tí yóò fi ráhùn pé kò dùn tó ti àtijọ́ mọ́, pé àwòrán rẹ̀ ti gbó. Ẹ má dá a lóhùn. Láti 1997 tí géèmù náà ti jáde ni ọwọ́ Cloud, akọni inú rẹ̀, ti rí bíi búlọ́ọ̀kù, kò sì dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ nígbà náà. Iná ló yí padà: inverter kò jẹ́ kó lọ lójijì mọ́. Ẹ̀dà 1997 kì í fi ìrìn àjò ẹni pamọ́ fúnra rẹ̀. Àfi kéèyàn dé ibi tí wọ́n yà sọ́tọ̀ tàbí orí máàpù ayé. Nítorí náà, ní Kétu àti Ìkòsí nígbà náà, Sephiroth nìkan kọ́ lọ̀tá: NEPA tó ń mú iná lọ ńkọ́, tí idà kì í ràn?

Ẹnìkan lè ní àwọn ará Japan náà gbádùn rẹ̀ láìsí NEPA. Òótọ́ ni, àmọ́ ìdajì ìjà ni wọ́n jà. Òmíràn á ní ọgbọ́n àgbà ló bà á jẹ́: ta ló ń kó ìgò oògùn 99 rìn láìbẹ alábàárù? Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ Mile 12 ti mọ iye tí alábàárù ń gbà láti kékeré. Wọn ò kàn bi Cloud ni. Ẹni tó bá ń wá adùn àtijọ́, kó má wulẹ̀ náwó sórí àtúnṣe ọdún 2020. Kó pa inverter, kó kọjú sí ọ̀gá àwọn ọ̀tá, kó sì máa gbàdúrà.