Ẹni Tó Kó Wọn Jọ

Bàbá Láńre télọ̀, ọmọ Ìbàdàn, àti Màmá Fúnkẹ́ aláǹkárá, ọmọ Iléṣà, tún ti bẹ̀rẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, fídíò kan nípa Hannibal, ọ̀gágun Carthage, ló dá a sílẹ̀. Bàbá Láńre wò ó mọ́jú lórí fóònù rẹ̀, ó sì gbé e wá sí ọjà Gáríkì ní Ẹnúgù láàárọ̀ Sátidé bí ẹni pé òun gan-an ló da àwọn erin náà gun òkè.

“Màmá Fúnkẹ́, ẹ gbọ́ ná. Ọmọ Áfíríkà ni o! Ó kó ọmọ ogun àti erin gba orí òkè Alps kọjá nínú yìnyín, ní ọdún 218 kí wọ́n tó bí Jésù. Ó já sí Ítálì. Nígbà tó di ọdún 216, ní Cannae, ó jẹ́ kí àárín ogun rẹ̀ máa fà sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀. Àwọn ará Róòmù rò pé àwọn ń lé e ni, wọ́n ń ya wọlé. Ìgbà tí wọn óò fi mọ̀, apá ọ̀tún àti apá òsì ti pa dé mọ́ wọn.”

“Ó wá gba Róòmù?”

“Kò gbà á.”

“Ọdún mélòó ló lò níbẹ̀?”

“Ó tó mẹ́ẹ̀ẹ́dógún.”

Màmá Fúnkẹ́ ń gbọn eruku pupa Ẹnúgù kúrò lára aṣọ tó pàtẹ. “Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kò gba ìlú. Kí ni wọ́n wá ń yìn ín fún?”

Ìbéèrè yẹn kò ṣeé fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Scipio ọmọ Róòmù ṣẹ́gun Hannibal ní Zama ní ọdún 202, Carthage ló sì pàdánù ogun náà. Ṣùgbọ́n ẹ wo irú àwọn tó ń jà fún Hannibal: ará Líbíyà, ẹlẹ́ṣin Numidia, ọmọ ilẹ̀ Spéènì, àti àwọn Gaul tó gbà sógun lójú ọ̀nà. Èdè wọn ò papọ̀, ilé jìnnà, owó ò fi bẹ́ẹ̀ dé láti Carthage. Síbẹ̀, wọn ò dìtẹ̀ mọ́ ọn. Ibẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ rẹ̀ wà, erin kàn mú un dùn-ún sọ ni.

Bàbá Láńre ò tíì ṣàlàyé èyí tán tí Màmá Fúnkẹ́ fi pàtẹ́wọ́. “Ó ti délé nìyẹn! Ògèdèǹgbé, ọ̀gágun Ìjẹ̀ṣà tiwa, lẹ ń ròyìn.”

“Ògèdèǹgbé tó kọ́ṣẹ́ ogun ní Ìbàdàn?”

“Òun náà. Ó kọ́ ọ, ó sì mọ̀ ọ́n. Ẹ̀ṣẹ̀ ni?”

Bàbá Láńre rẹ́rìn-ín, ó ní kí wọ́n kọ́kọ́ sọ ti ogun Jálumi. Ọjọ́ kìíní oṣù Kọkànlá ọdún 1878 ni, nítòsí Ìkìrun. Ìlọrin wá, Ìjẹ̀ṣà wá, Èkìtì wá, Ìlá náà wá. Balógun Àjàyí Ògbóríẹ̀fọ̀n kó ọmọ Ìbàdàn jáde, ó sì fọ́ gbogbo wọn lọ́jọ́ kan. Odò Ọ̀tìn gbé àwọn tó ń sá lọ. “Gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà o, ìyá Ìjẹ̀ṣà!”

“Ibi tí mò ń lọ gan-an lẹ dé yẹn. Wọ́n pọ̀, àbí wọn ò pọ̀? Kí ló dé tí wọ́n fi fọ́? Oníkálukú pàgọ́ tirẹ̀, kò sẹ́ni tó ń gbọ́rọ̀ sẹ́ni kejì lẹ́nu. Bí ìpàdé ọmọ Yorùbá tiwa níbí ló rí. Àǹkárá ọdún lásán, tí wọ́n fi ṣèpàdé títí ilẹ̀ fi ṣú, wọn ò fẹnu kò.”

Lẹ́yìn Jálumi ni àwọn Èkìtì Parapọ̀, ìyẹn àwọn ìlú Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà tó para pọ̀ kọjú ìjà sí Ìbàdàn, ránṣẹ́ pe Ògèdèǹgbé, tó wà lápá Ìta-Ògbólú nígbà náà. Fábùnmi Òkè-Ìmẹ̀sí, ẹni tó bẹ́ ajẹ́lẹ̀ Ìbàdàn lórí tí ìjà fi dé, ló ń ṣáájú wọn tẹ́lẹ̀. Ó yọ̀ǹda ipò náà fún Ògèdèǹgbé. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti du ipò alága ẹgbẹ́ rí, ẹ ó mọ bí ìyẹn ti ṣòro tó.

Ibùdó Ìbàdàn wà ní Ìgbájọ, ti Èkìtì Parapọ̀ wà ní Ìmẹ̀sí-Ilé. Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì tó ti ń bá ara wọn jà tẹ́lẹ̀ wá ń sùn, wọ́n ń jí lábẹ́ olórí kan náà, lọ́dọọdún, wọn ò tú ká.

“Ìbọn ló ràn wọ́n lọ́wọ́,” Bàbá Láńre ní. “Àwọn ọmọ yín tó wà l’Ékòó ló ń fi ìbọn Snider ránṣẹ́ gba ọ̀nà Oǹdó. Ṣakabùlà ló wà lọ́wọ́ tiwa níbẹ̀rẹ̀. Ojú ogun márùn-ún sì ni Ààrẹ Látòósà, olórí Ìbàdàn, ń bójú tó: Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà, Ìlọrin, Ifẹ̀, Ẹ̀gbá, Ìjẹ̀bú. Ta ló tún ṣe irú ẹ̀?”

“Ẹ fún àwọn ìlú tí kì í fẹ́ rí ara wọn ní Snider, kò sí olórí láàárín wọn. Ara wọn ni wọn ó kọ́kọ́ yìn ín lù.”

Bàbá Láńre ò rí èsì sí ìyẹn. Ohun tó sọ nípa Látòósà ṣáà kì í ṣe kékeré: ẹni tó bá gbógun dúró níbi márùn-ún lẹ́ẹ̀kan náà, ọ̀gágun ni. Ṣùgbọ́n Látòósà ló kó ọ̀tá márààrún jọ síra rẹ̀ lórí, ìyẹn náà sì wà nínú ìwé ìṣirò rẹ̀. Inú ibùdó ló kú sí ní 1885. Nígbà tó di ọjọ́ 23 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1886, lẹ́yìn tí àwọn àlùfáà Samuel Johnson àti Charles Phillips ti ń ṣe alárinà, wọ́n fọwọ́ sí àdéhùn, Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà sì kúrò lábẹ́ Ìbàdàn. Ogun tó kù ò tán pátápátá títí di 1893. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, Captain Bower, ọ̀gá ológun ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, mú Ògèdèǹgbé. Ó padà sílé nígbà tó yá, ó sì kú gẹ́gẹ́ bí Ọbańlá Ìjẹ̀ṣà ní 1910.

“Àdéhùn yẹn náà ló fún Ìbàdàn ní Ìgbájọ, Ọ̀tan, Irẹ̀sì àti Àdá,” Bàbá Láńre ní, ó na ìka mẹ́rin sókè. “Ẹ ò gba ìyẹn lọ́wọ́ wa.”

“Ìpínlẹ̀ wo ni Ìgbájọ wà báyìí?”

Ó dákẹ́.

“Mo ní ìpínlẹ̀ wo?”

“Ọ̀ṣun.”

“Iléṣà ńkọ́?”

“Màmá Fúnkẹ́, ẹ wọn yáàdì mẹ́ta lára èyí aláwọ̀ ewé yẹn fún mi, kí n máa lọ.”