Orogún Abẹ́ Kẹ̀kẹ́

Bàbá Onímọ̀ràn! Láti ìgbà tí mo ti ní kí wọ́n de sítáǹdì mọ́ kẹ̀kẹ́ tòkunbọ̀ mi ni jíà ẹ̀yìn ti ń ṣagídí. Mo wo abẹ́ rẹ̀, mo rí i pé wáyà jíà ń ha irin pẹlẹbẹ tí wọ́n fi dè é. Ṣé kí n kúkú yọ jíà dànù ni? Èmi ni, Oníkẹ̀kẹ́ Ìdààmú, Ìbàdàn.

Oníkẹ̀kẹ́ Ìdààmú, fi jíà sílẹ̀ jẹ́ẹ́, kò ṣẹ̀ ọ́. Wáyà àti irin pẹlẹbẹ yẹn, orogún ni wọ́n, ìwọ lo sì kó wọn sí yàrá kan ṣoṣo. Wáyà ló kọ́kọ́ wọlé: ó gba abẹ́ ibi tí pẹ́dà ti ń yí, ó tọ òpó ọ̀tún lọ sẹ́yìn. Sítáǹdì dé, ó jókòó lé e lórí. Kí ẹ̀rí lè dájú, gun kẹ̀kẹ́ náà, kó o yí jíà lọ sí èyí tó tóbi lẹ́yìn. Ó gbà, àbí? Wàyí o, dá a padà sí kékeré. Á fàlẹ̀, á máa ṣe ṣìbáṣìbo, ìgbà tó o bá ti gbàgbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ fò. Lórí ọ̀pọ̀ kẹ̀kẹ́, àtàǹpàkò rẹ ló ń fa wáyà nígbà tó bá ń lọ sí ńlá, àtàǹpàkò ò sì mọ̀ pé ẹnikẹ́ni di wáyà mú. Ní àbọ̀, sípíríǹgì kékeré tó wà nínú jíà ẹ̀yìn ló ń dá fà á, agbára rẹ̀ ò sì tó ìjà. Láti 1984 tí Shimano ti gbé SIS jáde, tí jíà ń dún “kẹ́” ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ìwọ̀n ni gbogbo rẹ̀. Lórí jíà ẹ̀yìn oníméjọ wọn, “kẹ́” kan kì í fa wáyà tó mílímítà 3. Díẹ̀ péré ni irin pẹlẹbẹ ní láti jí nínú ìyẹn kí ṣéènì tó ṣìnà. Bí ọjọ́ bá sì ti ń gorí ọjọ́, wáyà yóò máa rẹ́ irin náà wọlé, irin náà yóò máa já fọ́nrán wáyà lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ẹnìkan á ní kó o fi gíríìsì sí i. Gíríìsì á yọ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan, lẹ́yìn náà á kó iyanrìn títì jọ, o ti ra ohun ìjà fún wọn nìyẹn. Ẹlòmíràn á ní kó o fa wáyà le sí i. Wáyà tó le á tún tẹ irin náà mọ́lẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ ni, jíà á sì kúrò lójú ìwọ̀n. Àwọn àgbà á ní Raleigh àwọn ní sítáǹdì, kò sì dá wàhálà sílẹ̀. Òótọ́ ni: jíà kan ṣoṣo ló ní, kò sí wáyà jíà kankan lábẹ́ rẹ̀. Ọkọ aláya kan ń fúnni nímọ̀ràn lórí ọ̀rọ̀ orogún.

Bí o bá fẹ́ ṣe é ní ọ̀pọ́, tú bóòtù sítáǹdì, sún irin náà títí wáyà á fi rí ọ̀nà, tàbí kó o ki wáyà bọ inú ọ̀pá rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ níbi tí wọ́n ti ń pàdé. Má fún bóòtù náà jù o, òpó kẹ̀kẹ́ ṣófo nínú, ó lè tẹ̀ wọlé. Ṣùgbọ́n ilé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni mo fara mọ́. Ra sítáǹdì tó ń di òpó òsì mú nítòsí táyà ẹ̀yìn. Ọ̀tún ni wáyà ń gbà, wọn ò ní fojú kan ara wọn mọ́. (Bí bíréèkì ẹ̀yìn rẹ bá jẹ́ onídíìsì, kọ́kọ́ wò ó bóyá àyè wà.) Sítáǹdì àtijọ́ ńkọ́? Fi ta aládùúgbò tó máa ń yá páǹpù rẹ tí kì í dá a padà lọ́rẹ. Bí kẹ̀kẹ́ tirẹ̀ bá ní jíà, sọ fún un pé kó kọ̀wé sí mi.