Odindi Ọ̀rọ̀ Tó Ń Di Àbọ̀

Àbọ̀ ọ̀rọ̀ là á sọ fún ọmọlúàbí. Bó bá dénú rẹ̀, á di odindi. Ní kíláàsì Gẹ̀ẹ́sì ní Àkúrẹ́ àti ìlú Oǹdó, wọ́n ti dorí òwe yìí kodò. Odindi ọ̀rọ̀ ni akẹ́kọ̀ọ́ ń kọ́ láti sọ, kì í sì í pé àbọ̀ mọ́ tó bá fi máa dé etí ẹni tó ń gbọ́.

Ọ̀nà méjì ni ẹ̀kọ́ náà pín sí. Àkọ́kọ́ ni ọnà èdè: àfiwé tààrà, àfiwé ẹlẹ́lọ̀ọ́, ìfohunpènìyàn, àsọrégèé àti àwọn yòókù, tí wọ́n ń kọ́ orúkọ àti ìtumọ̀ wọn lákọ̀ọ́sórí. Ẹni tó bá ná tòmátò l'Ọ́jà Ọba Àkúrẹ́ á gbọ́ àsọrégèé yó kó tó délé, kò kàn sẹ́ni tó ń fún ìyá aláta ní máàkì ni. Èkejì ni ọ̀rọ̀ ńláńlá. The Students' Companion tí Wilfred D. Best kọ wà lára ìwé tí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ti fi ṣa irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ jọ. Ìwé náà kò ṣẹ ẹnikẹ́ni. Àwọn tó ń kà á ni ìṣòro wà lọ́wọ́ wọn: ọmọ á dìde níbi ìjiyàn, á da gírámà, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ á hó yèè. Bí a bá bi wọ́n léèrè ohun tó sọ, wọ́n á ní, "Ó gbọ́ òyìnbó gan-an!"

Gẹ̀ẹ́sì kì í ṣe àlejò lágbègbè yìí. Ọdún 1919 ni Ondo Boys' High School bẹ̀rẹ̀; Aquinas College dé Àkúrẹ́ ní 1951, Oyemekun Grammar School tẹ̀ lé e ní 1953. Láyé ìgbà náà, akọ̀wé ló wà láàárín ará ìlú àti ìjọba, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni kí ọ̀rọ̀ yé tọ̀túntòsì. Gẹ̀ẹ́sì kan náà ni àrólé rẹ̀ òde òní fi ń dí ọ̀nà.

Ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀ kò burú. D. O. Fágúnwà, ọmọ Òkè-Igbó tí kò jìnnà sí Oǹdó, a máa to ọ̀rọ̀ lé ọ̀rọ̀ nínú Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀ (1938), síbẹ̀ ọmọdé tó ń gbọ́ ọ kì í sọnù.

WAEC pàápàá kò sí lẹ́yìn adagírámà. Nínú máàkì 50 tí wọ́n ń fún àròkọ, lílo èdè ní 20, kókó ọ̀rọ̀ ní 10, ètò rẹ̀ ní 10. Máàkì 10 tó kù wà fún sípẹ́lì àti òfin gírámà, àbọ̀ máàkì ni àṣìṣe kọ̀ọ̀kan sì ń mú lọ níbẹ̀. Ẹni tó pa àbọ̀ ọ̀rọ̀ tì, àbọ̀ máàkì ni ọ̀rọ̀ gígùn tí kò mọ sípẹ́lì rẹ̀ ń gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Níbi àkàyé ńkọ́? Wọ́n á mú ọ̀rọ̀ líle jáde, wọ́n á ní kí akẹ́kọ̀ọ́ fi òmíràn tó túmọ̀ sí ohun kan náà rọ́pò rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó rọrùn ló sábà máa ń gba máàkì níbẹ̀.