Abìjàwàrà Tí Kò Léèwọ̀

Ọkùnrin náà ní ayẹta, ó ní òkígbẹ́, ó ní egbé, ó ní àféèrí, ó ní kánàkò, ó ní mádàríkàn, ó sì ní gbètugbètu tó fi ń pàṣẹ fún ọ̀tá pé kó máa fi ẹ̀yìn rìn lọ sílé ìyá rẹ̀. Èmi ni mo dá a. Abìjàwàrà ni mo sọ ọ́. Tí ẹ bá rí fọ́ọ̀mù tí mo kọ fún un nígbà tí mo fẹ́ bá àwọn ọ̀dọ́ kan ṣeré lórí Discord, ẹ ó rò pé lẹ́kùlẹ́jà ló ń ka ọjà rẹ̀. Níbi tí wọ́n ti béèrè àléébù rẹ̀, mo kọ “Kò sí.” Mo tún fa ìlà méjì sí i nídìí.

Eré ọ̀hún kò le. Oníkálukú á dá ẹ̀dá ìtàn tirẹ̀, gbogbo yín á jọ máa kọ ìtàn náà lọ ní ìlà kọ̀ọ̀kan. Olùdarí kan á wà, òun ni yóò máa sọ ohun tó wà nínú igbó, ohun tó fara pamọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn, àti ohun tó jáde nígbà tí ẹ ṣí i. Òfin kan wà tó ju gbogbo òfin lọ: ohun tí ẹ̀dá tìrẹ fẹ́ ṣe ni kí o kọ, má kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ti ẹlòmíràn. “Mo ju ọ̀kọ̀ sí i láyà,” èyí dára. “Ọ̀kọ̀ mi wọ̀ ọ́ láyà, ó ṣubú, ó kú, ìyàwó rẹ̀ bú sẹ́kún,” èyí kò dára rárá. Godmodding ni àwọn òṣèré ń pè é. Èmi kò mọ̀ pé ó lórúkọ. Ìyàwó tó bú sẹ́kún yẹn, èmi ni mo kọ ọ́.

Ohun tó wá bà á jẹ́ ni ọ̀rọ̀ ọjọ́ orí. Olùdarí wa jẹ́ ọmọbìnrin kan tó ń kọ́ iṣẹ́ apòògùn ní yunifásítì. Àwọn yòókù, ọ̀kan wà ní Lọ́ńdọ̀nù, ọ̀kan ní Houston, méjì ní Èkó. Kò sí ìkankan nínú wọn tí wọ́n tíì bí nígbà tí mo jáde ilé-ìwé girama. Ká ní ẹgbẹ́ wọn ni mí, wọn ì bá ti sọ fún mi lójú ẹsẹ̀ pé mo ya wèrè. Ṣùgbọ́n ọmọ Yorùbá ni wọ́n, wọ́n sì gbẹ̀kọ́. Olùdarí kọ̀wé sí mi ní ìkọ̀kọ̀: “Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo rí fọ́ọ̀mù yín, ó dùn gan-an. Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé kò sí nǹkankan tó máa ń yọ Abìjàwàrà lẹ́nu ni?” Mo ronú sí i, mo dá a lóhùn pé orúnkún máa ń dùn ún lásìkò òjò. Ó ní, “Ó dáa sà.”

Lóru ọjọ́ kan, àwọn ẹlẹ́ṣin ká wa mọ́ inú igbó. Ọmọ Lọ́ńdọ̀nù ti fi sùúrù kọ ọ́ pé ọdẹbìnrin òun, Àṣàkẹ́, rọra gun ọ̀pẹ kan lẹ́yìn àgọ́, ó fi eyín di ọfà mú, ó ń wá ibi tí òṣùpá á ti fi ọ̀gá àwọn ẹlẹ́ṣin hàn án. Ọ̀kan nínú àwọn ará Èkó ń tẹ ọfọ̀ lọ́wọ́. Àmì pé ó ń kọ nǹkan ń ṣẹ́jú nísàlẹ̀ ojú fóònù mi, ó sì pẹ́ tó fi dájú pé ọfọ̀ gidi ló ń bọ̀. Èmi kò lè dúró. Mo kọ ọ́ pé: “Abìjàwàrà pòṣé. Gbogbo wọn di òkúta, tẹṣintẹṣin.”

Àmì tó ń ṣẹ́jú dáwọ́ dúró. A kò rí ọfọ̀ náà títí dòní. Ó pẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó sọ̀rọ̀. Nígbà tó yá, ẹni tó wà ní Houston kọ pé, “Ẹ kú iṣẹ́ sà.” Àṣàkẹ́ ní, “Mo sọ̀ kalẹ̀.”

Láti ọjọ́ náà ni ìdíwọ́ ti bẹ̀rẹ̀ sí í bá wọn. Ọ̀kan ń lọ sóde ìnáwó, ọ̀kan ní ibà. Ẹni tó wà ní Houston ní NEPA mú iná lọ. Mo kí i pé ó kú ìfaradà.

Ẹni tó ka Fágúnwà bí mo ṣe kà á kò yẹ kó ṣe irú èyí. Nínú ìwé rẹ̀, Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀, tó jáde ní 1938, ọdẹ tí ọba rán lọ sí Òkè Láńgbòdó kì í ṣe ẹyọ kan. Kàkó ní agbára, Ìmọ̀dòye ní ọgbọ́n, Olóhùn-iyọ̀ ní orin, Ẹlẹ́gbẹ́dẹ-ọdẹ gbọ́ èdè ẹranko, Ẹ̀fọ̀ìyè mọ ọfà ta. Ẹ kó gbogbo ẹ̀bùn wọ̀nyí fún Kàkó nìkan ẹ wò ó, àwọn yòókù á di aláàárù tó ń ru ẹrù rẹ̀ lọ, tó sì ń ru ú bọ̀. Ohun tí mo sọ àwọn ọmọ ọlọ́mọ dà gan-an nìyẹn.

Olùdarí wa wá fi ọgbọ́n inú gbé mi kúrò níbẹ̀. Ó ní òun fẹ́ ká dán Dungeons & Dragons wò, eré tí Gary Gygax àti Dave Arneson gbé jáde ní 1974, àmọ́ òfin ti 2014 la máa lò. Níbẹ̀, o kò lè kọ ohun tó bá wù ọ́. Àmì 27 ni wọ́n máa fún ọ láti fi ra ohun mẹ́fà: agbára, ìyára, líle ara, ìmọ̀, òye àti ìfanimọ́ra. Orí 8 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan ti ń bẹ̀rẹ̀, o kò sì lè rà kọjá 15. Títí dé 13, àmì kan fún ìgbésẹ̀ kan ni. 14 àti 15 ń jẹ méjì méjì. Mo ná an, mo tún un ná bí ẹni tó wà lọ́jà Bódìjà, kò sẹ́ni tó dín in fún mi. Mo bá ra 15 fún agbára, 15 fún ìyára, 15 fún líle ara. Owó tán. Ìmọ̀, òye àti ìfanimọ́ra wà lórí 8 bí wọ́n ṣe bá wọn. Bí mo ṣe di alágbára òmùgọ̀ tí kò ṣeé bá sọ̀rọ̀ nìyẹn. Ọ̀kan nínú àwọn ará Èkó ní nínú gbogbo ẹ̀dá tí mo ti dá, eléyìí ló jọ mí jù. Ó bẹ̀bẹ̀ lẹ́yìn náà.

Nígbà tí ìdánwò dé, olùdarí ní kí n bá òun di ipò náà mú. Ẹ̀yin ará, ẹ má ṣe fi agbára darí eré lé ẹni tó ti kọ pé ẹlẹ́ṣin di òkúta lọ́wọ́. Mo ṣí ìwé àwọn ẹranko ẹhànnà, mo rí dírágónì pupa àgbà, ẹ̀mí rẹ̀ sì jẹ́ 256. Ara mi bù mááṣo. Iye odù Ifá gan-an! Mo gbà pé àmì rere ni, n kò sì ka ìlà tó tẹ̀ lé e. Iná tó ń tẹnu rẹ̀ jáde jẹ́ dáìsì olójú mẹ́fà ní ìgbà 18. Tí ẹ bá pín in dọ́gba, 63 ni. Ipele karùn-ún làwọn ọmọ náà wà. Oníṣẹ́ ìdán wa ní ẹ̀mí 27. Bí dáìsì bá tiẹ̀ gbè é, ìdajì iná ni yóò gbà, 31, ìyẹn náà sì ti ju tirẹ̀ lọ. Dírágónì la ẹnu lẹ́ẹ̀kan. Jagunjagun wa tó ní 44 nìkan ni kò kú pátápátá, ó ń pọ̀kàkà ikú nínú eérú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀. Mo ní àlá ni gbogbo rẹ̀, ẹ jí dìde.

Láti fi tù wọ́n nínú, mo gbé òmìrán kan kalẹ̀ lọ́jọ́ kejì, ẹ̀mí 59, òun nìkan. Kó tó kan án láti gbé kùmọ̀, ó ti kú. Ẹyọ kan ṣoṣo ni ìgbésẹ̀ tirẹ̀ nígbà tí àwọn mẹ́rin ń gbé tiwọn, jagunjagun ipele karùn-ún sì ń ṣá lẹ́ẹ̀mejì. Ìdí nìyí tí àwọn tó kọ òfin 2014 fi fún dírágónì àgbà ní ìgbésẹ̀ mẹ́ta sí i láàárín ti àwọn ẹlòmíràn. Ó wà nínú ìwé. Mi ò kà á.

Ohun kan ló tù mí nínú. Ní 1997, nígbà tí wọ́n ṣì ń dán eré Ultima Online wò, Richard Garriott tó dá eré náà sílẹ̀ jáde sí gbangba gẹ́gẹ́ bí ọba Lord British. Ọba tí ohunkóhun kò gbọdọ̀ pa ni, ṣùgbọ́n ààbò rẹ̀ kò sí lára rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Òṣèré kan fi oògùn dá iná sí i lẹ́sẹ̀, ọba sì wàjà lójú gbogbo ará ìlú.  Àwọn òṣèré ṣì ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ di bí mo ṣe ń wí yìí. Ta ló ń sọ ìtàn àwọn ẹlẹ́ṣin mi?

Àbúrò tó kéré jù nínú wa ló yanjú rẹ̀. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú o. Oògùn wo ni ò léèwọ̀ nílẹ̀ yìí?” Mo wá èsì títí, mi ò rí. Wọ́n gbà kí Abìjàwàrà padà wá, kó mú oògùn mẹ́ta péré, àwọn ni yóò sì yan èèwọ̀ rẹ̀. Wọ́n gbìmọ̀ ní ìkọ̀kọ̀. Èèwọ̀ náà rèé: bí ẹnikẹ́ni bá kí Abìjàwàrà, kò gbọdọ̀ ṣe ohunkóhun títí yóò fi jẹ́ ẹ tán. Bó bá ṣe é, oògùn ara rẹ̀ á di omi títí ilẹ̀ á fi mọ́.

Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní kí nìyẹn.

Ìgbà àkọ́kọ́ tí a bá olè pàdé, mo ti gbé àdá sókè nígbà tí olórí wọn dọ̀bálẹ̀ gbalaja. “Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, bàbá. Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta.” Mo jẹ́ ẹ. “Ilé ńkọ́? Ìyá ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́?” Dáadáa ni wọ́n wà. “Ẹ kú ìnáwó ọdún tó kọjá.” A dúpẹ́. “Ẹ kú orúnkún.” Àwọn yòókù rẹ̀ ń ru àpótí owó wa lọ lẹ́yìn mi. Mo ń kígbe pé kí ẹnì kan ràn mí lọ́wọ́, mo sì ń dáhùn pé ara dá. Àṣàkẹ́ ló ta olórí wọn látorí ọ̀pẹ, ó sì kọ ọ́ ní ìlà méje, ìlà tó dára jù nínú gbogbo eré wa. Houston kò ní ìṣòro iná mọ́.

Àyè ẹnì kan ṣí sílẹ̀ lọ́dọ̀ wa báyìí, nítorí ọ̀kan nínú àwọn ará Èkó ti gbéyàwó. Ẹni tó bá wù, kó wá, kó sì mú èèwọ̀ rẹ̀ dání. Ẹni tí kò bá ní, olùdarí wa á bá a wá ọ̀kan, mo sì lè fi dá yín lójú pé tirẹ̀ á le ju tèmi lọ.